Ààrẹ Tí Marjean Fi Ṣe Ìkẹyìn

Alága wa ọ̀wọ́n, Marjean Tuttle. Ẹ̀yin àgbà ìjọ tẹ́ ẹ yá wa ní gbọ̀ngàn yìí. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ dúró ti páì lójú ààrò láti àárọ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí mo kọ́, tí irun yín ti wá funfun ju tèmi lọ: mo kí yín, ẹ kú ìrìn nínú òjò. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi kọ́ni ní ìtàn ní ìlú yìí. Lónìí ni mo gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀.

Láti ọjọ́ mélòó kan, bí mo bá ti dijú báyìí, kíláàsì mi ni mo ń rí. Ìmọ́lẹ̀ oṣù Èrèlé á máa rọra wọlé lójú fèrèsé, yìnyín á bo oko àgbàdo lóde, àwọn ọmọ á sì máa jiyàn: ta ló ga jù nínú àwọn ààrẹ wa? Ṣé Washington ni, tó gbé agbára sílẹ̀ nígbà tó lè dì í mú? Àbí Lincoln, tí kò jẹ́ kílé dà wó? Petrik, olùkọ́ bọ́ọ̀lù tó jókòó síbẹ̀ yẹn, á yọrí lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Coolidge ni jàre. Òun ni kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Oakes, ká ní o fìwà jọ ọ́ ni, àwọn ọmọ yìí ì bá ti lọ jẹun." Petrik, ọ̀rẹ́ mi, o ṣeun. Ìwọ lo kọ́ mi ní ẹ̀rín.

Ẹ ò gbàgbé òfin mi: wàá to àwọn ààrẹ láti orí ẹni tó ga jù dé ìkẹyìn, ààrẹ tí o bá sì fi ṣe ìkẹyìn, òun ni wàá dìde gbèjà. Mo ní ó ń la ọmọ lọ́pọlọ. Ó là wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n aṣegbé kan kò sí, àṣepamọ́ ló wà.

Ní Èrèlé ọdún 1969, Marjean jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ó kọ Ààrẹ Johnson sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Dale, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti kú sí Vietnam, sí ogun tí Johnson rán wọn lọ. Èmi náà wà níbi ìsìnkú rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún tó ṣáájú. Mo mọ̀. Síbẹ̀ mo ní, "Marjean, dìde. Òfin ni òfin." Ó dìde. Ó ní ọkùnrin yìí ló fọwọ́ sí òfin tó jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú lè jókòó jẹun níbi tí aláwọ̀ funfun ti ń jẹun. Ó ní ọkùnrin náà ló mú kí ìjọba máa sanwó ìwòsàn àwọn arúgbó. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò sì wọ́ rárá. Èmi wá pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo pàtẹ́wọ́, mo sì fún un ní máàkì tó ga jù. Ojú ń tì mí títí dòní.

Nírọ̀lẹ́ yìí, níbi tí a ti ń fi ẹ̀wù òtútù kọ́, mo bi í bóyá ó ti dárí jì mí. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Oakes, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n rèé, òní lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ Dale sí mi létí. Mi ò tíì mọ̀ o. Ẹ lọ sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn ná, ẹ má sì fi oyin sí i."

Marjean, mo ti sọ ọ́. Mi ò lè wojú rẹ, ẹ̀rù ń bà mí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí Ọlọ́run má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fipá mú ọmọ yín yin ohun tó pa á lẹ́kún. Kí àwọn tó lọ sógun padà wá jẹun lórí tábìlì ìyá wọn. Kí ẹ délé láyọ̀. Marjean, ìwọ ni alága. Bí o bá ní ọ̀rọ̀ sọ, dìde nígbà tó bá wù ọ́, sọ èyí tó wù ọ́. Èmi ni mo máa jókòó gbọ́. Ẹ ṣé o.