Èmi Ni Ewé Tútù, Èmi Ni Mo Yí Orí Ìkẹyìn Padà

Lórí ìkànnì ìtàn tí a wà yìí, àṣà ni pé kí òǹkọ̀wé kọ ìkìlọ̀ sókè ìtàn rẹ̀, kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò gba ohun tó wà nínú rẹ̀ lè tètè yà lọ. Èmi náà á kọ tèmi. Irọ́ wà nínú èyí, yíyọ́ wo fóònù ọmọ ọlọ́mọ wà níbẹ̀, ìgbéyàwó kan tí kò yẹ kó wáyé wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹnikẹ́ni kò kú. Òtítọ́ gbọ́dọ̀ jáde lónìí, nítorí ó ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja. Èmi ni Ewé Tútù tí ẹ mọ̀ sí bẹ́tà òǹkọ̀wé tó ń jẹ́ Òjò Ọ̀sán. Mo sọ fún gbogbo yín pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí. Irọ́ ni. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni mí, méjì nínú eyín mi jẹ́ àtọwọ́dá, Òjò Ọ̀sán tí mo sì ń pè ní ọ̀rẹ́ mi, ọmọ ọmọ mi ni, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá rẹ̀ àti tèmi.

Mo ti ní kí àwọn ará kíláàsì Bíbélì mi wá ka èyí, nítorí náà kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ṣe sùúrù bí mo bá ń ṣàlàyé ohun tí ẹ ti mọ̀. Àwọn ọmọ yìí á mú àwọn ẹ̀dá inú eré tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n fẹ́ràn, wọ́n á sì kọ ìtàn tuntun fún wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú eré gan-an ni wọ́n ń pè ní kánọ̀n. Bí ẹnì kan bá ń fi gbogbo ọkàn fẹ́ kí ẹni méjì inú eré fẹ́ra, wọ́n ní ó ń ṣíìpù wọn. Bẹ́tà sì ni ẹni tó ń ka ìtàn kí aráyé tó rí i, tó ń tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ bẹ́tà ní ilé ìtẹ̀wé, a ò kàn mọ orúkọ yẹn fún un ni. Òfin kan ni ọ̀gá mi fi kọ́ mi: aṣàyẹ̀wò lè tún kọ́mà ṣe, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ìwé. Bí ohun kan bá rú ọ lójú, fi pẹ́ńsù kọ ìbéèrè sẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé, kí o sì pa ẹnu rẹ mọ́. N kò rú òfin yìí rí. Kódà nígbà tí olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi kan kọ ọ́ pé Nóà ni ẹja gbé mì, ohun tí mo kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni, “Ṣé ó dá yín lójú, sà?” Mo máa ń fi èyí yangàn. Ẹ wo ẹni tó ń yangàn.

Ọmọ ọmọ mi yìí, tí mo ń pè ní ọmọ mi, kì í gbé fóònù sílẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ọkùnrin kan ló ń bá sọ̀rọ̀. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, ó wà ní balùwẹ̀, fóònù wà lórí tábìlì tí a fi ń lọṣọ, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo wò ó. Kò sí ọkùnrin níbẹ̀. Ìtàn ni, ti nọ́ọ̀sì kan àti awakọ̀ tó ń gbé àwọn aláìsàn, nínú eré ilé ìwòsàn tí àwa méjèèjì jọ ń wò. Mo ní kí n ka ìlà kan péré. Kó tó wẹ̀ tán, mo ti ka orí méjì. Ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ ni mo ń wá lọ, tèmi ni mo bá pàdé.

Mo tọ atúnfóònùṣe òpópónà wa lọ. Òun ló bá mi ṣí ojú ìwé lórí ìkànnì yìí, òun ló fún mi ní orúkọ Ewé Tútù, èmi ni mo sì fún ara mi ní ọjọ́ orí. Mo ra ìwé àjákọ, mo ń kọ èdè àwọn ọ̀dọ́ sínú rẹ̀ bí ẹni ń há ẹsẹ ìwé mímọ́ sórí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí òǹkàwé kan tó kọ “mo ti kú” sábẹ́ ìtàn, mo ti kúnlẹ̀ gbàdúrà fún ẹbí rẹ̀ kí atúnfóònùṣe tó sọ fún mi pé ẹ̀rín ló ń rín. Ó tún gbà mí nímọ̀ràn. Ó ní, “Màmá, ẹ yéé béèrè àlàáfíà ilé lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Wọ́n máa mọ̀ pé ẹ ti dàgbà.”

Kò pẹ́ tí mo fi di bẹ́tà ọmọ ọmọ mi. Èmi ní yàrá tèmi, òun ní tirẹ̀, a ń kọ̀wé síra wa. Tí a bá ń jẹun, á máa ròyìn Ewé Tútù fún mi, pé ọmọ náà gbọ́n ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Mo máa ń dáhùn pé bóyá àgbà rere ló tọ́ ọ. Kí Ọlọ́run foríjì mí, inú mi ń dùn ṣìnkìn.

Ibi tó burú jù ló kù yìí. Oṣù mọ́kànlá ni nọ́ọ̀sì àti awakọ̀ fi ń yí ara wọn po láìsọ̀rọ̀ ìfẹ́. Mo ṣíìpù wọn débi pé mo ń dárúkọ wọn nínú àdúrà òwúrọ̀, láàárín àwọn opó àti àwọn arìnrìn-àjò. Orí ìkẹyìn wá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tí ọmọ mi ń ṣe ìdánwò. Ó fi ọ̀rọ̀ ìwọlé ojú ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ewé Tútù, pé kó bá òun gbé e jáde ní aago mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Mo kà á. Awakọ̀ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú mìíràn. Nọ́ọ̀sì dúró ní ibùdókọ̀, kò sáré tẹ̀ lé e, kò pè é. Ó parí síbẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó yẹ kí n kọ ìbéèrè sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí n pa ẹnu mọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ láti ibi bọ́ọ̀sì, mo mú awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀, mo so wọ́n pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú orin mẹ́ta àti ìwàásù ráńpẹ́. Awakọ̀ tí kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí nínú kánọ̀n, èmi mú un ka ẹ̀kọ́ kìíní láti inú Bíbélì. Mo gbé e jáde ní aago mẹ́rin géérégé, mo sì lọ po tíì mu.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Àwọn kan ní olè ti jí ojú ìwé Òjò Ọ̀sán. Ẹnì kan béèrè bóyá bíṣọ́ọ̀bù ló kọ ọ́. Ọmọ mi ti ìdánwò dé, ó rí i, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ilé ìdáná. Ó ní, “Màmá àgbà, bí bàbá mi ṣe lọ ni mo kọ. Mo fẹ́ kí ẹnì kan lè dúró ní ibùdókọ̀ láì sáré, kó sì rí i pé òun ò kú.” Bàbá rẹ̀ yẹn, ọmọkùnrin mi kan ṣoṣo ni. Ọmọ ọdún méje ni ọmọbìnrin yìí lọ́jọ́ náà, èmi ni mo dì í lọ́wọ́ mú kó má baà sáré lé bọ́ọ̀sì. Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú Ewé Tútù, mo bá a bú u. Mo ní ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ni. Mo ní ó hàn gbangba pé àwọn òbí rẹ̀ ò ráyè. Mo bu omi fún un mu, mo tún fi èébú kan lé e.

Ní ọjọ́ kẹrin, ó kàn mí láti kàwé sókè ní kíláàsì Bíbélì, ibi tó sì bọ́ sí mi lọ́wọ́ ni ìkìlọ̀ fún ẹni tó bá fi tirẹ̀ kún ọ̀rọ̀ tí a ti kọ. Mo ka ẹsẹ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Alága ní bóyá dígí ojú mi ló dọ̀tí. Mo ní rárá, ẹ̀rí ọkàn mi ni.

Mo délé, mo gbé ìwé àjákọ náà síwájú ọmọ mi, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ń ṣí i ní ewé kọ̀ọ̀kan. Ó dé ibi tí mo kọ ọ́ sí pé, “Mo ti kú: ẹ̀rín ni, má gbàdúrà.” Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi ń ṣe òsúkè, òsúkè náà sì di ẹkún. Nígbà tó yá ó ní, “Ṣé ẹ̀yin náà ṣì ń retí kó sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì yẹn?”

Mo ní, “Lójoojúmọ́, ọmọ mi.”

Ó wá sún mọ́ mi, ó dájọ́ fún mi. Orí ìkẹyìn ti padà sí bí òun ṣe kọ ọ́. Ẹ lọ kà á, ó sàn ju tèmi lọ. Ìgbéyàwó náà wà lọ́tọ̀ lórúkọ mi, nítorí ẹni mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nínú yín ní àwọn ṣì fẹ́ ẹ, pẹ̀lú ìkìlọ̀ lókè pé orin pọ̀ níbẹ̀. Èmi sì gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ lójú gbogbo yín, títí kan ọjọ́ orí mi.

Ẹ foríjì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí ẹ tó fún ọ̀rẹ́ tí ẹ kò rí rí ní kọ́kọ́rọ́ ojú ìwé yín, ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ògiri yín. Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ mi, bí ìtàn ọmọ yín bá dùn mọ́ yín, ẹ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹ sọ fún un.

Òjò Ọ̀sán ló ṣe bẹ́tà èyí. Ó tún kọ́mà mẹ́rin ṣe. Kò fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ mi kankan, àfi ìbéèrè kan tó kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ orí mi lókè lọ́hùn-ún: “Ṣé ó dá yín lójú, mà?” Mo ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri báyìí. Ó dáa. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni mí.