Ta Ló Yọ Yusrah Kúrò Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bernice?

Ẹ má sọ fún mi pé kí n fara balẹ̀, Bàbá Yusrah, mi ò fara balẹ̀! Ọmọ ń sunkún nínú yàrá, ẹ̀yin jókòó síbí, ẹ̀ ń tẹ rímóòtù. Ẹ ò sí níbẹ̀ lónìí, èmi ni mo wọ bọ́ọ̀sì méjì láti Peckham tẹ̀ lé e lọ sí pápá yìnyín yẹn, èmi ni òtútù mú, èmi ni mo rí ohun tí wọ́n ń fi ọmọ mi ṣe. Họ́kì kọ́ ni wọ́n ń gbá níbẹ̀ mọ́, òṣèlú ni! Wallahi, òṣèlú gidi!

Ṣé ẹ rántí Yusrah oṣù tó kọjá? Ó wà láàárín, Bernice wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Yusrah kì í fi bẹ́ẹ̀ gbá góòlù, ẹ̀yin náà mọ̀, ojú ni Ọlọ́run fún un, á rí ibi tẹ́nikẹ́ni ò wò, á rọra ti pọ́ọ̀kì, rọ́bà pẹlẹbẹ yẹn, sẹ́nu igi Bernice, Bernice á fọ́ ọ wọlé, gbàà! Wọ́n á kọ góòlù fún Bernice, wọ́n á kọ àsíìsì, àmì ẹni tó gbé e síwájú ẹni tó gbá a wọlé, fún ọmọ tiwa, inú gbogbo wa á dùn. Iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn, kó gbóúnjẹ fún ẹni tó lè jẹ ẹ́.

Wọ́n wá gbé e lónìí, wọ́n fi í sáàárín àwọn ọmọ méjì kan tó jẹ́ pé bí wọ́n bá fún wọn lóúnjẹ, ilẹ̀ ni wọ́n ń dà á sí. Yusrah fún wọn, ó fún wọn, ó tún fún wọn! Ọ̀kan gbá tirẹ̀ lu gíláàsì tí wọ́n fi yí pápá ká, èkejì ṣubú lulẹ̀ láìsí ẹni tó tì í. Àsíìsì mélòó ló wá ní? Òdo! Ṣé ọmọ náà ti gọ̀ láàárín oṣù kan ni?

Wọ́n tún ní kó máa ṣọ́lé! Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ló ń wà, tó ń lé àwọn géńdé ọmọ kiri. Bí wọ́n bá wá lé ẹnì kan nínú àwọn ọ̀tá lọ jókòó torí ó ṣe màgòmágó, tí tiwa pọ̀ ju tiwọn lọ, ìgbà tí ọmọ mi máa ń rọ́wọ́ mú jù nìyẹn, ẹ̀ẹ́, àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n ní kó lọ sinmi!

Níbi iṣẹ́ tèmi ńkọ́? Bí wọ́n bá fi èmi àti Àńtí Sẹ̀gilọlá sí ṣíìfù kan náà, ká tó mu tíì, gbogbo aláìsàn ti wẹ̀, bẹ́ẹ̀dì ti tẹ́. Kí wọ́n fi mí ti Jabez tó ń tẹ fóònù ṣáá, ọ̀lẹ lorúkọ àwa méjèèjì kílẹ̀ tó ṣú. Ṣé ọwọ́ mi ló yí padà ni? Àjèjì ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí!

Sátidé tó ń bọ̀ yìí làwọn tó ń yan ọmọ fún ẹgbẹ́ gúúsù máa dé. Ṣé wọ́n á béèrè ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni? Iye tó ní ni wọ́n máa wò. Bó bá sì di ọdún tó ń bọ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá èyí tí wọ́n ń gbà, ẹ̀ẹ̀kan yìí náà ló kù fún un.

Ta ló wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bernice báyìí? Wùmí! Ọmọ Akínbọ̀wálé! Akínbọ̀wálé tó gbé púfùpúfù gbígbóná wá fún kóòṣì lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fojú ara mi rí i, kóòṣì ń lá ọwọ́, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín kẹ̀ẹ̀kẹ̀ẹ̀. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pọmọ jẹ? Ẹ ní kí n má ro ibi síni? Astagfirullah, mi ò ro ibi sí ẹnikẹ́ni, púfùpúfù ni mò ń sọ!

Hẹ̀n? Kí lẹ wí? Ẹ gbójú sókè, ẹ jẹ́ n gbọ́ dáadáa. Kóòṣì pè yín? Ìgbà wo? Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun. Ẹ ò sì sọ fún mi! Ó bi yín pé ibo lẹ fẹ́ kóun fi Yusrah sí, ẹ̀yin wá ní kí ni? Ẹ tún un sọ. "Ibikíbi tẹ́ ẹ bá fi í sí, sà, a dúpẹ́."

Lá ìláhà illallahu! Bàbá Yusrah! Òyìnbó lẹ sọ ìyẹn fún? Àwa ni wọ́n ń sọ ọ́ fún! Bí Yorùbá bá bi yín ṣé ẹ ti jẹun, tẹ́ ẹ ní ẹ ti yó, ṣebí ṣe ni wọ́n á tún bu ẹran lé e fún yín? Òyìnbó á gbé abọ́ kúrò ńlẹ̀ ni! Ẹ ní ibikíbi, ó sì fi í síbikíbi. Àpọ́nlé yín ló gbé ọmọ mi sẹ́yìn. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ìwọ gan-an, ẹ jọ̀ọ́, inú ló ń bí mi, ẹ̀yin gan-an ni mò ń wá kiri láti àárọ̀! Ẹ má rò pé Akínbọ̀wálé ti bọ́ o. Òun ò lè sọ ibikíbi, á ti dárúkọ Bernice, á sì ti fi púfùpúfù tì í.

Ẹ gbé fóònù. Báyìí báyìí. Ẹ ní, "Àárín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bernice," kẹ́ ẹ sì panu dé. Bó bá bi yín ṣé ó dá yín lójú, ẹ ní ó dá yín lójú. Ẹ má bi í léèrè ìyàwó, ẹ má bẹ̀ ẹ́ pé bí ò bá ni í lára. Ẹ fi sí sípíkà kí n fetí ara mi gbọ́, mi ò fọkàn tán ẹnu yín mọ́.

Ó ti ń dún. Yusrah! Yusrah, nu ojú ẹ, jáde wá! Bàbá ẹ ló fi ẹ́ tọrẹ, wá gbọ́ bó ṣe ń gbà ẹ́ padà!