Mo Ba Ìdánwò Ọmọ Mi Jẹ́ Kó Má Baà Dẹ́kun Àtiwá Sílé

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà mí dé ìparí kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mi ò sọ fún ìyàwó mi, tí mi ò sì sọ fún lèmọ́mù wa. Mo ba iṣẹ́ ọmọ mi jẹ́. Kò mọ̀ pé èmi ni. Ó rò pé òun fúnra òun ló ṣe àṣìṣe, ó sì ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nítorí ẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nísinsìnyí ni pé ilé iṣẹ́ mìíràn ń pè é. Wọ́n fẹ́ kó wá ṣe irú iṣẹ́ tó fi sílẹ̀ yẹn gan-an. Ó fẹ́ kọ̀. Wọ́n ní kó fèsì kí oṣù yìí tó parí. Tí mo bá dákẹ́ títí oṣù fi parí, ìdákẹ́ mi á di ẹ̀ṣẹ̀ kejì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé dáadáa, torí mi ò fẹ́ kí ẹ ṣì mí gbọ́. Tchaourou, ní ilẹ̀ Benin, ni mò ń gbé. Mo ka ìwé dé troisième, ìyẹn ọdún kẹrin ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Mo ní ìsọ̀ kan nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin àtijọ́, níbi tí mo ti ń tún fóònù ṣe, tí mo sì ń bá àwọn ará oko fi iná mànàmáná sí tiwọn. Ràfíátù ni àkọ́bí mi. Láti kékeré ni ikọ́ fée ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Nígbà ọyẹ́, èmi ni mo máa ń fi aṣọ tútù dí ojú fèrèsé nítorí eruku, tí mo sì ń fi etí lé àyà rẹ̀ láti gbọ́ bó ṣe ń mí. Nígbà tó dàgbà, tó lọ ṣiṣẹ́ ní Cotonou, etí mi kò gbọ́ èémí rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù ìyẹn kò kúrò lára mi rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó bá ti tọ́ ọmọ tí kì í lè mí dáadáa á mọ ohun tí mò ń sọ.

Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ètò kan sórí fóònù fún àwọn tó ń gbin kajú. Àgbẹ̀ á tẹ iye àpò tó ní àti ibi tó wà, ètò náà á sì sọ ọjọ́ tí ọkọ̀ olùrà máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ Ràfíátù ni láti dán an wò kí àsìkò kajú tó wọlé. Tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá wọ inú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣé á dúró ni àbí á ṣubú? Wọ́n ń yá irinṣẹ́ kan lọ́wọ́ àwọn ará òkè òkun fún ìdánwò yẹn. Irinṣẹ́ náà máa ń díbọ́n bí ẹni pé èèyàn púpọ̀ ló dé. Ṣùgbọ́n ó wọ́n gan-an, torí iye èèyàn tó bá díbọ́n ni wọ́n fi ń ṣírò owó rẹ̀. Kò sì mọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì abúlé wa ṣe máa ń falẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀gá Ràfíátù ṣe ní kó máa wá sí ìlú wa, kó fi èèyàn gidi kún un.

Áà, àwọn ọjọ́ yẹn dùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, torí ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti hù. Èmi ni mo máa ń pe àwọn èèyàn jọ. Wọ́n á gun alùpùpù wá láti Kika, láti Sanson, láti Tchatchou. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé fóònù wọn fún mi kí n fi iná sí i. Lẹ́yìn náà, wọ́n á jókòó sí etí pèpéle ibùdókọ̀ tí ọkọ̀ ojú irin kì í yà mọ́, ẹsẹ̀ wọn á máa mì lókè irin tí koríko ti bò. Ìyàwó mi á gún iyán. Àwọn obìnrin Fúlàní á gbé wàgàsì, wàrà tiwọn tó le, wá, ara rẹ̀ á pupa fòò. Ràfíátù á dúró ti kọ̀ǹpútà rẹ̀, á na gèlè rẹ̀ sókè. Bó bá ti jù ú sílẹ̀, gbogbo wọn á tẹ fóònù lẹ́ẹ̀kan náà.

Tonton Bio, bí a ṣe ń pe àgbàlagbà kan, àgbẹ̀ Bàrìbá láti Tchatchou, kì í bá wọn tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ìgbà tí gbogbo èèyàn bá parí ni tirẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

“Tonton, ṣé ẹ sùn lọ ni?” Ràfíátù bi í nígbà kan.

“Mi ò sùn. Ìka mi dàgbà jù tìrẹ lọ, ó gbọ́dọ̀ kí ará ọ̀nà kó tó dé ibi tó ń lọ.”

Obìnrin kan láti Sanson dá a lóhùn pé ìka kan náà kì í kí ẹnikẹ́ni tó bá ti di ìdí àwo iyán. A rẹ́rìn-ín títí Ràfíátù fi jókòó sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìdánwò, ọmọ mi á lo ọjọ́ díẹ̀ nílé. Kó tó bọ́ bàtà ni mo ti máa ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Tó bá mí geere, ara mi á balẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Ní ọdún kẹta, ó wálé pẹ̀lú ayọ̀. Ó ti rí irinṣẹ́ mìíràn. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó kọ ọ́ gbé e sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lò ó. Ó lè díbọ́n bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, ó sì tún lè díbọ́n bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń falẹ̀. Ràfíátù ti dán an wò ní Cotonou, ó sì ti rí i pé ètò kajú náà máa ṣubú tí àwọn ará abúlé bá wọlé pọ̀. Mo bi í pé kí ló fà á. Ó ṣàlàyé fún mi bí a ṣe ń jẹun.

“Papa, ẹ ronú kan ẹ̀rọ omi wa. Tí gbogbo èèyàn bá gbé garawa wá, wọ́n á pọn omi kíá, wọ́n á sì lọ. Ṣùgbọ́n tí ó bá jẹ́ ìgò ẹlẹ́nu tóóró ni wọ́n gbé wá, ẹnì kan á pẹ́ nídìí ẹ̀rọ, ẹlòmíràn á bá a níbẹ̀, èrò á kún títí wọ́n á fi máa ti ara wọn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì abúlé ni ìgò yẹn.”

Ó yé mi. Ó yé mi jù bó ṣe rò lọ.

Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé tí ọ̀gá òun bá gbà láti lo irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ yìí, àwọn ò ní í máa da àwọn ará ìlú láàmú mọ́, òun á lè ṣe gbogbo rẹ̀ láti Cotonou. Ìyàwó mi ní Alhamdulillahi, pé ọ̀nà yẹn jìn jù fún ẹni tí àyà rẹ̀ kò le. Èmi náà ní Alhamdulillahi. Ṣùgbọ́n mo dá òkèlè tó wà lọ́wọ́ mi padà sínú àwo.

Ọ̀gá rẹ̀ kò tètè gbà. Ó ní kí wọ́n pe àwọn èèyàn jọ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí wọ́n pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí òun fi ojú ara òun wò ó. Tí ètò náà bá ṣubú lọ́wọ́ àwọn èèyàn bí irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ ṣe wí, wọ́n á tún un ṣe kí àsìkò tó dé, wọ́n á sì jáwọ́ nínú èyí tí wọ́n ń yá. Tí kò bá ṣubú, wọ́n á máa bá ti àtijọ́ lọ, Ràfíátù á sì máa wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tó ṣòro fún mi láti kọ nìyí.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn èèyàn gbé fóònù wọn fún mi bí ìṣe wọn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra àwo kan tó ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì láti ojú ọ̀run sí ìsọ̀ mi ni, wífì rẹ̀ sì yá gan-an, ó ń dé orí pèpéle. Ohun tó yẹ kí wọ́n fi ṣe ìdánwò ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù tiwọn, èyí tó ń falẹ̀. Mo so gbogbo fóònù náà mọ́ wífì mi, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo gba ìgò lọ́wọ́ wọn, mo gbé garawa fún wọn. Ọmọ mi ló fi ẹnu ara rẹ̀ kọ́ mi.

Gèlè bọ́ sílẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ètò náà dúró digbí.

Ràfíátù wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tún wò ó. Ó ní kí wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Ó tún dúró. Ọ̀gá rẹ̀ fọwọ́ gbá a léjìká, ó ní ohun ọ̀fẹ́, ibi tí agbára rẹ̀ mọ nìyẹn. Ọmọ mi wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀.

“Papa, ṣé kò sí nǹkan tí ẹ yí padà lára àwọn fóònù yẹn?”

“Iná nìkan ni mo fi sí i.”

Ó gbà. Ó sọ fún mi lẹ́yìn ìgbà náà pé ká ní ẹlòmíràn ló tọ́jú àwọn fóònù náà ni, òun ì bá yẹ̀ wọ́n wò. Ṣùgbọ́n bàbá òun ni. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo máa ń gbọ́ nígbà tí mo bá ń ṣe àlùwàlá.

Ó fọwọ́ sí i fún ọ̀gá rẹ̀ pé ètò náà máa dúró. Wọ́n jáwọ́ nínú irinṣẹ́ ọ̀fẹ́. Inú mi dùn, mi ò ní í purọ́ fún yín. Mo rò pé kò sí ẹni tí mo pa lára. Mo rò pé owó ilé iṣẹ́ ni, àti pé wọ́n ní in.

Àsìkò kajú wọlé. Láàárọ̀ àkọ́kọ́, àwọn àgbẹ̀ wọ inú ètò náà pọ̀, ó sì ṣubú. Nígbà tí wọ́n fi gbé e dìde, ó ti da ọjọ́ àwọn ọkọ̀ rú. Àwọn èèyàn kó kajú wọn sí etí títì, wọ́n ń dúró de ọkọ̀ tí kò mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ bá wọn níbẹ̀. Àpò Tonton Bio rẹ gbingbin, kajú inú rẹ̀ dúdú, ó sì tà á fún ẹni tó ń kọjá ní iye tí ojú ti mí láti bi í léèrè.

Ràfíátù wá. Ẹnikẹ́ni kò rán an. Ó dúró lórí pèpéle kan náà, ó kúnlẹ̀ fún wọn, ó ní òun ni òun fọwọ́ sí i. Ó ní, “Irinṣẹ́ kan sọ òtítọ́ fún mi, mo pè é ní òpùrọ́.” Tonton Bio dìde, ó fà á lọ́wọ́ sókè, ó ní òjò kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ ọmọdé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ mi. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí pẹ̀lú, ó ń mí bíi ti ọjọ́ tó wà ní kékeré nínú ọyẹ́. Mo padà sínú ìsọ̀.

Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ìwé ọjà ló ń kọ báyìí ní ìsọ̀ ẹnì kan tó ń ta táìlì tí wọ́n fi ń tẹ́ ilẹ̀ ilé ní Cotonou. Kì í wálé mọ́. Iléyá méjì ti kọjá. Ó máa ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní òun ò lè wo ojú àwọn ará ibí. Ẹni tí mo ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó lè máa wá, nítorí ohun tí mo ṣe ni kò fi wá mọ́.

Nígbà mìíràn, lẹ́yìn ìrun alásárì, mo máa ń lọ jókòó sí etí pèpéle náà. Mo máa ń rántí bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín. Tonton Bio ṣì ń gbé fóònù rẹ̀ wá fún mi. Kò sí ìgbà kan tí kì í bi mí pé, “Ọmọ wa ńkọ́?”

Nígbà tí ilé iṣẹ́ tuntun yìí pè é, ó tẹ̀ mí láago. Ó ní wọ́n ti gbọ́ pé òun mọ irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ yẹn lò, irinṣẹ́ náà ló sì yẹ wọ́n torí apá wọn kò ká èyí tó wọ́n. Lẹ́yìn náà ló ní, “Papa, iṣẹ́ yẹn kò tọ́ sí mi. Ojú mi kì í mọ òtítọ́ yàtọ̀ sí irọ́.” Mo ní kó rò ó dáadáa. Ohun tí mo lè sọ nìyẹn. Ojú ọmọ mi mọ òtítọ́. Òun nìkan ló rí i nínú gbogbo wa.

Mo ti ń sọ fún ara mi pé bí mo bá sọ ọ́, ìbínú lè dá ikọ́ rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwáwí ni. Ẹ̀rù pé kò ní í pè mí ní Papa mọ́ ló ń bà mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá, ṣé ọmọ mi ni àbí Tonton Bio tí kajú rẹ̀ bàjẹ́? Ṣé kí n tẹ ọmọ mi láago ni, àbí kí n wọ ọkọ̀ lọ sí Cotonou kó lè rí ojú mi nígbà tí mo bá ń sọ ọ́? Ẹ̀yin òbí tí ẹ ti ṣẹ ọmọ yín rí tí ẹ sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, gbólóhùn wo lẹ fi bẹ̀rẹ̀? Mo ti gbìyànjú rẹ̀ lẹ́nu ara mi, mi ò rí i. Ẹ bá mi wá èyí àkọ́kọ́. Ìyókù, mo mọ̀ ọ́n.