Ẹ Jọ̀ọ́ Mà, Ẹ Dúró Ná

Mi ò kì í fetí kọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, àmọ́ nínú mọ́tò tó ń ti Ọ̀fà lọ sí Ìlọrin, iwájú mi gan-an ni obìnrin kan tó ń ṣe ìwádìí ní yunifásítì ti ṣàdédé pàdé tíṣà tó kọ́ ọ ní pírámárì.

"Mummy, ẹ̀yin lẹ wà nídìí ìwádìí mi o. Mò ń wo bí àwọn tó ń wọ rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ sójú sánmà ṣe ń bá ọ̀gá wọn sọ̀rọ̀ tí ọ̀gá bá ṣàṣìṣe. Tí ọmọ iṣẹ́ bá dákẹ́ níbẹ̀, ẹ̀mí gbogbo wọn lè lọ sí i. Mo wá rántí ohun tẹ́ ẹ ní ká máa sọ tẹ́ ẹ bá ṣi nǹkan kọ sójú bọ́ọ̀dù."

"'Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dúró ná.' Háà! Àwọn òbí yín ní àfojúdi ni mò ń kọ́ yín."

"Òun ni mo fi ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá wọn báyìí. Ẹ ṣeun gan-an ni mà."

"Ọlọ́run ló ṣeun. Ṣebí ìwọ lo kọ́kọ́ sọ ọ́ sí mi ní kíláàsì?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dúró ná. Èmi kọ́. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n lè sọ ọ́ rí."

Màmá pàtẹ́wọ́. "Ọpẹ́ o! Lónìí lo wá sọ ọ́."