Iṣẹ́ Ibà Eku Kì Í Ṣe Tèmi

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ fẹ́ fi orúkọ mi sára ilé ìwádìí tuntun, ẹ dúró ná. Ẹ ní kí ẹni tó ń kun ògiri gbé búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sílẹ̀. Òtítọ́ kan wà nínú mi tó gbọ́dọ̀ jáde lónìí, bó bá sì jáde tán, ẹ ò ní fẹ́ kí orúkọ náà wà níbẹ̀ mọ́. Dókítà ní ọkàn mi ti rẹ̀, ó lè dákẹ́ nígbàkígbà. Kirubai aya mi ti ṣáájú mi lọ, ìbéèrè tó ń bi mí títí ó fi kú ṣì wà lọ́rùn mi.

Ìgbín ni iṣẹ́ mi. Ìgbín inú igbó orí òkè lẹ́yìn ìlú Nagercoil wa ní gúúsù Íńdíà ni mo ń wá kiri, tí mo ń fún lórúkọ. Iṣẹ́ gidi ni, mi ò tijú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń ka ìwé nípa ìgbín? Bí mo bá tẹ ìwádìí kan jáde, ìwọ̀nba èèyàn ló máa tọ́ka sí i nínú ìwé tiwọn, gbogbo wa sì mọ ara wa bí ọmọ ìyá. Ẹni tó bá kọ̀wé nípa àìsàn, ọ̀pọ̀ èrò ló ń tọ́ka sí tirẹ̀ kí ọdún tó yí po. Oko kan ò jọ oko kan, àmọ́ òṣùwọ̀n kan náà ni àwọn ọ̀gá wa fi ń wọn gbogbo wa.

Lọ́dọ̀ wa, a kì í jẹ́ orúkọ ìdílé. Lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ bàbá la ń fi síwájú orúkọ ọmọ, ó parí. Devadasan ni bàbá mi, nítorí náà D. Ponmani ni mí. Ọkùnrin ń jẹ́ Ponmani, obìnrin náà ń jẹ́ ẹ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣí kọ̀ǹpútà níbi tí wọ́n ti ń ka ìtọ́kasí onímọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo sì rí ìwádìí rẹpẹtẹ lábẹ́ orúkọ mi lórí ibà eku, ibà tó ń mú àwọn àgbẹ̀ onírẹsì nínú ẹrẹ̀ oko. D. Ponmani mìíràn ló kọ wọ́n. Ẹ̀rọ ò mọ bàbá ẹnikẹ́ni.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní màá tún un ṣe tí mo bá jẹun tán. Mi ò tíì jẹun tán tí ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì fi pè mí. "Ponmani, o ò tiẹ̀ sọ fún wa! Ìgbín lọ́wọ́ ọ̀tún, ibà lọ́wọ́ òsì! Àgbà ni ẹ́!" Ẹnu tó yẹ kí n fi jẹ́wọ́, ẹ̀rín ni mo fi rín. Èmi aláìnítìjú! Wọ́n sọ mí di ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n fi òdòdó kọ́ mi lọ́rùn. Nílé, Kirubai gbé ìdlì, oúnjẹ ìrẹsì tí a fi ooru sè, síwájú mi, ó ń wò mí.

"Bàbá Jebaseeli, ìgbín yín mà ti ń sáré o! Aláìsàn wo lẹ wò sàn?"

"Jẹ́ kí n jẹun, jàre."

"Ẹ jẹun. Ta ló ni iṣẹ́ náà?"

Mo bu òkèlè mìíràn sẹ́nu.

Ẹni tó ni ín pè mí fúnra rẹ̀. Dókítà obìnrin ni, ọmọ Duraisamy, ní ilé ìwòsàn kan létí odò. Ó ń fi ọ̀rọ̀ ṣẹ̀fẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ mi lẹ pọ̀n sẹ́yìn láìmọ̀ o! Ẹ bá mi sọ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n fẹ́ yan olórí ẹ̀ka ibà níbí, wọ́n wá orúkọ mi, òfìfo ni wọ́n bá. Ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu yín ti tó." Mo ní, "Àbúrò, fọkàn balẹ̀, òní ni màá ṣe é." Mi ò ṣe é.

Èyí tó burú jù nìyí. Ọ̀kan nínú àwọn tó fẹ́ yan olórí náà pè mí. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, obìnrin kan níbí ní òun ló ni iṣẹ́ ibà eku tó wà lórúkọ yín. Ṣé òótọ́ ni?" Mo wo àga tuntun tí mo jókòó lé. Mo ní, "Èmi ni mo ni ín. Bóyá ó bá wa gba ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn, mi ò rántí."

"Háà! Ṣé olè ni obìnrin yìí nígbà náà?"

Mo dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn ni mo fi pa á. Wọ́n pè é lólè níwájú àwọn tó ń kọ́ níṣẹ́, wọ́n fi ẹlòmíràn joyè, obìnrin náà kò sì ṣe ìwádìí kankan mọ́.

Lẹ́yìn tí a sin Kirubai, mo wá Dókítà Ponmani lọ sí ilé ìtọ́jú kékeré tó dá sílẹ̀. Ó ń yẹ ojú bàbá àgbẹ̀ kan tó ń ṣàìsàn wò. Mo wólẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n, ẹ ń dí aláìsàn lọ́nà."

"Dárí jì mí."

Kò gbójú sókè. "Gbangba ni wọ́n ti pè mí lólè. Ẹ má wá bẹ̀ mí ní kọ̀rọ̀."

Gbangba náà ni mo dúró sí yìí. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí wọ́n bá yìn yín fún ohun tí ẹ ò ṣe, ẹ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Tó bá di ọjọ́ kejì, á ti máa dùn lẹ́nu yín. Dókítà Ponmani ọmọ Duraisamy, ìwọ lo ni iṣẹ́ ibà eku. Ìwọ kọ́ ni olè, èmi ni. Mo bẹ̀ ọ́.