Mo Béèrè Omi, Wọ́n Gbé Òróró Wá

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo kí yín o! Ọlọ́run tó jẹ́ kí n tún fi ojú mi méjèèjì rí Okokomáíkò, tó jẹ́ kí n tún gbọ́ ariwo àwọn kọ́ńdọ́ ọkọ̀ akérò ní Ìyànà Ìbà, mo ní kó gba ọpẹ́ mi. Halelúyà! Ẹ ò dáhùn o. Mo ní halelúyà! Ẹ̀n-hẹ́n. Ẹni tí wọ́n ní ó ti kú ló ń pè yín yẹn.

Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àrùn onígbáméjì ń jà káàkiri ayé, tí rédíò ń sọ ọ́ láàárọ̀, tó ń sọ ọ́ lálẹ́, pé ó ti wọ Kùtọnù, ìjọ wa ní a ò ní í jókòó ká máa wòran. Abúlé kan wà létí ọ̀sà lẹ́yìn Kùtọnù tí Pásítọ̀ Ọlárewájú wa ti ń lọ wàásù tipẹ́. Ẹ̀yin lẹ kó ọṣẹ, ẹ kó iyọ̀, ẹ kó ṣúgà, ẹ kó aṣọ jọ fún wọn. Wọ́n wá ní ta ló mọ ìtọ́jú aláìsàn díẹ̀ tó máa bá pásítọ̀ lọ. Èmi tíṣà dòmẹ́síìkì tó ń kọ́ ọmọ ní ìtọ́jú ilé, èmi tí ara mi kì í gbà á, mo ti nawọ́ sókè kí bàbá àwọn ọmọ mi tó fà á wálẹ̀. Háà! Ká sọ pé ẹ rí ojú tí ọkùnrin yẹn ń fi wò mí títí a fi dé Ẹsíteètì Ìbà! Tíṣà yunifásítì ni, kì í pariwo. Ó kàn ní, "Ìwọ obìnrin yìí, ṣé aláìsàn ti tán n'Íbà ni?"

Àwa mẹ́ta la lọ. Pásítọ̀, èmi, àti Búrọ̀dá Sẹ́wánù wa tó ń gbé Àjàngbádì. Ọmọ Ẹ̀gùn ni Búrọ̀dá Sẹ́wánù. Òun ló ń wa mọ́tò, òun náà ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún wa. Nígbà tí a débẹ̀, ẹ̀yin ará, mo ké Jésù! Àwọn aláìsàn sùn sílẹ̀ lórí ẹní nínú ilé ìjọsìn, kò síbi téèyàn lè fẹsẹ̀ sí. Pásítọ̀ wò wọ́n títí, ó ní ohun tí a kó wá kò tó, a nílò dókítà àti dírípù. Òun àti Búrọ̀dá Sẹ́wánù bá tún wọ mọ́tò padà sí Kùtọnù, wọ́n ní àwọn á dé kó tó di ìrọ̀lẹ́. Mo ní ẹ máa lọ, kò séwu. Kò sí ẹni tó rántí nínú wa pé etí mi àti ẹnu mi ni Búrọ̀dá Sẹ́wánù ń gbé lọ yẹn.

Mọ́tò kọṣẹ́ lọ́nà. Wọn ò dé nírọ̀lẹ́. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í run. Yéè! N kò ní í ṣàlàyé púpọ̀ nílé Olúwa, ẹ ti mọ bí àrùn yẹn ṣe ń ṣe é. Ó ń jáde lókè, ó ń jáde nísàlẹ̀. Iṣan ẹsẹ̀ mi ń fà. Mo mọ ohun tó ń ṣe mí, mo sì mọ ohun tó lè gbà mí. Omi ara ló ń tán lọ. Bí mo bá ti rí omi oníyọ̀ àti ṣúgà mu léraléra, n kò ní í kú. Kátọ́ọ̀nù iyọ̀ àti ti ṣúgà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi níbi tí mo sùn sí. Omi tí mo ti sè wà lẹ́yìnkùlé, n kò sì lè dìde.

Ìyá àgbàlagbà kan ló gbà mí sílé, ìyá tó dáa gan-an. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, omi."

Ó ní, "Amì?"

Mo ní, "Ẹ̀n, omi!"

Ó sáré jáde. Ọkàn mi balẹ̀. Ẹ̀yin ará, ìgò òróró àgbọn ni ìyá gbé wọlé! Ó fi pa mí níkùn, ó fi pa mí lẹ́sẹ̀. Mo ní rárá o, omi, omi! Mo fi ìka júwe ẹnu mi. Inú ìyá dùn, ó ti yé e. Ó bu òróró sínú ṣíbí, ó rọ ọ́ sí mi lẹ́nu!

Ẹ máa rẹ́rìn-ín, n kò bínú. Bí mo bá ṣe ń pariwo omi tó ni ìyá ń fi òróró kún òróró. Mo ń dán yinrin. Mo ní àbí òróró ìkẹyìn nìyí, àbí wọ́n ti ń múra mi sílẹ̀ ni?

Nígbà tó yá, n kò lè gbé ọwọ́ mọ́. Ohùn mi lọ. Ẹ̀rù bà mí, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Mo rántí àwọn ọmọ mi. Obìnrin kan ti dákẹ́ lórí ẹní nínú ilé ìjọsìn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo sì rí bí wọ́n ṣe gbé e jáde kí àìsàn tó dá èmi náà wó. Mo sọ nínú ọkàn mi pé, Olúwa, má jẹ́ kí n kú síbi tí wọn ò ti gbọ́ èdè mi. Rán ẹni tó máa gbọ́ mi sí mi. Ẹ̀yin ìyá ẹgbẹ́ àdúrà, wọ́n sọ fún mi pé ọjọ́ yẹn gan-an lẹ kúnlẹ̀ níbí, tí ẹ ń pe orúkọ mi. Ẹ ṣeun, àdúrà tiyín náà á gbà.

Kò sẹ́ni tó wọlé. Ìyá náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi, ó ní, "Osìn?"

Ohun tí etí mi gbọ́ ni "sìn". Ó tún ní, "Osìn?" Inú bí mi! Mo ní èwo rèé, èèyàn ń kú lọ, ẹ ní kó wá sìn! Àfi bí nǹkan ṣe sọ sí mi lọ́kàn pé, ṣé wọ́n máa pè ọ́ pé kó o wá sin Ọlọ́run, wàá wá ní rárá? Mo ní ó dáa. Bó bá jẹ́ ìsìn ló kẹ́yìn ayé mi, màá sìn. Mo la ẹnu kí n kọrin.

Orin ò jáde. Ahọ́n mi ti lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu, ó ti gbẹ, ó ti là. Ìyá wo inú ẹnu mi, ó figbe ta, "Osìn! Osìn!" Ó ju ìgò òróró nù, ó sá jáde. Ìgbà tó máa padà dé, igbá omi ló gbé dání.

Omi! Ẹ̀yin ará, omi! Mo mu ún. Mo ń fi ojú júwe kátọ́ọ̀nù iyọ̀ àti ṣúgà, ìyá ń pò ó, ó ń fi ṣíbí fún mi, kò sinmi. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ má bínú, mo máa sọ ọ́ nílé Olúwa: mo tọ̀! Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ wà níbí, ẹ bá mi sọ fún wọn pé ìròyìn ayọ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kẹta ni Pásítọ̀ dé pẹ̀lú dókítà. Bó ṣe rí mi tí mo ń dán nílẹ̀ yẹn, ó bú sẹ́kún, ó rò pé òkú ni wọ́n ti tọ́jú. Mo ní, "Pásítọ̀, mo wà níbí o." Búrọ̀dá Sẹ́wánù bá ìyá sọ̀rọ̀, ó wá jókòó sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, òróró là ń pè ní amì. Osìn lomi lédè wa." Ìyá náà gbá mi mọ́ra, a sunkún, a rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe gbogbo àwọn tó wà lórí ẹní yẹn ló yè, ẹ máa rántí ará ilé wọn nínú àdúrà. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ló dìde. Ẹni tó ti Sẹmẹ̀ wá tó ní mo ti kú, Ọlọ́run á dárí jì í. Nígbà tí mo dé ilé, bàbá àwọn ọmọ mi sáré jáde wá pàdé mi. Ó dì mí mú lẹ́nu ọ̀nà níṣojú gbogbo aládùúgbò, ọkùnrin tí kì í dì mọ́ mi níta!

Ọpẹ́ mi ò gùn jù báyìí lọ. Gbogbo ẹni tó bá béèrè omi nílé rẹ̀ láàárọ̀ yìí, tí wọ́n sì gbé omi fún un, tó mu ún, tó sì dúró nínú rẹ̀, kó dìde níbi tó wà, kó wá bá mi jó fún Jésù.