Ihò Márùn-ún Tí Mo Ní Kí Ọmọ Pa Rẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ gbà mí láyè kí n sọ òótọ́ kí ẹnu mi tó pa dé. Èmi Solange, tí gbogbo ìlú Adja-Ouèrè mọ̀ sí Màdáámù CM1 nítorí kíláàsì karùn-ún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo ń kọ́, ni mo ń kọ ọ́. Lọ́dún tó kọjá, àrùn rọpárọsẹ̀ mú mi lápá òsì, dókítà sì ti kìlọ̀ pé bó bá tún padà wá, ó lè má fi mí sílẹ̀. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ níwèé ń wá kí mi, wọ́n ń gbé iṣu àti gàrí wá, wọ́n ń pè mí ní olùkọ́ rere. Bí mo bá kú báyìí, olùkọ́ rere ni wọn yóò sin, ẹni yẹn kì í sì í ṣe èmi.

Ọdún mẹ́tàlá rèé. Iléèwé wa fẹ́ kópa nínú ìpàtẹ ìwádìí tí àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń ṣe, kíláàsì mi ni wọ́n sì gbé e lé lọ́wọ́. Mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìbéèrè kan wá láti ilé, èyí tí èmi gan-an kò mọ ìdáhùn rẹ̀. Tiwalọpẹ́ ló mú èyí tó dára jù wá. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, ará abúlé Massè, tó máa ń bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́ lójú ọ̀nà kó má baà tètè jẹ. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà, Màmá Ẹfúnwùmí, ló ń gbé. Ó ní, "Màdáámù, eérú ni ìyá mi àgbà máa ń pò mọ́ àgbàdo kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Bó bá wá ń fẹ́ ẹ kó tó lọ̀ ọ́, eérú á wọ̀ ọ́ lójú, omi á máa dà lójú ẹ̀. Ṣé èèpo ọsàn gbígbẹ ò lè ṣe iṣẹ́ eérú ni?" N kò mọ ìgbà tí mo gbá ọmọ náà mọ́ra.

A wá ìgò oníke mẹ́ta. A da àgbàdo sí wọn: a po eérú mọ́ ti àkọ́kọ́, a fi èèpo ọsàn sí èkejì, a kò fi nǹkan kan sí ẹ̀kẹta. Inú kọ́bọ́ọ̀dù kíláàsì ni mo tì wọ́n mọ́. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, Tiwalọpẹ́ á ka ọgọ́rùn-ún hóró láti inú ìgò kọ̀ọ̀kan, á wo iye tí kòkòrò ti lu nínú wọn, á sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ á yọ síta díẹ̀ bó bá ń kà. Ní oṣù àkọ́kọ́, ihò méjì ló bá nínú ti ọsàn. Ní oṣù kejì, ó di márùn-ún. Ó wò mí, ó ní, "Ó ń pọ̀ sí i o, Màdáámù." Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Ìpàtẹ ku ọjọ́ méjì. Ó jẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo ti ṣọ́ọ̀ṣì kọjá sí iléèwé láti tún tábìlì wa ṣe. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ìgò ọsàn ti dúdú fún kòkòrò, àgbàdo inú rẹ̀ ti ń di ìyẹ̀fun. Ti eérú ńkọ́? Ó mọ́ bí ọjọ́ tí a dà á síbẹ̀. Ẹ wò ó, ìwádìí ọmọ náà ti dáhùn ìbéèrè rẹ̀. Kò sí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀. Èmi ni mo bàjẹ́. Mo ń rò ó bí àwọn àlejò ṣe máa rẹ́rìn-ín, bí iléèwé wa ò ṣe gbégbá orókè rí. Mo da àgbàdo náà nù sẹ́yìn kíláàsì, mo lọ bu àgbàdo tuntun nílé, mo rọ ọ́ sínú ìgò, mo sì fi èèpo ọsàn lé e. Ghislain, olùkọ́ CM2, kíláàsì tó tẹ̀ lé tèmi, bá mi lẹ́nu rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Màdáámù, iṣẹ́ ọmọ nìyẹn àbí tiyín?" Mo yára dé ìgò náà. Ó tún ní, "Ó dáa. Mi ò rí yín." Mo bi í kí n tó kọ orúkọ rẹ̀ síbí, ó ní kí n kọ ọ́, pé ó ń dun òun náà.

Lọ́jọ́ kejì, Tiwalọpẹ́ ka hóró rẹ̀ tó kẹ́yìn. Ó bá ihò kan ṣoṣo. Ojú rẹ̀ tàn, ó tún ṣú. "Màdáámù, márùn-ún ló jẹ́ lóṣù tó kọjá. Ṣé ihò máa ń dí ni?" Mo sọ fún un pé, "Ìwọ lo ṣì í kà nígbà yẹn. Pa á rẹ́." Ó mú rọ́bà, ó pa ihò márùn-ún rẹ́, ó kọ ẹyọ kan. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni mo fi pa òótọ́ rẹ̀ rẹ́. A sì gbégbá orókè. Màmá Ẹfúnwùmí wá, ó wé gèlè funfun, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú. Ó ní, "Eérú ni ìyá mi lò, eérú ni èmi náà ń lò. Ṣùgbọ́n bí iléèwé bá ti sọ pé ọsàn dáa, ta ni mo jẹ́? Màdáámù, ẹ ṣé tí ẹ la ọmọ mi lójú." Mo ní, "Kò tọ́pẹ́, Màmá."

Gbogbo ìsinmi ni Tiwalọpẹ́ fi ń ṣa èèpo ọsàn lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ọsàn, ó ń sá a sórí òrùlé. Mo rí i. N kò kìlọ̀ fún un. Wọ́n kórè, wọ́n sì fi ọsàn tọ́jú gbogbo àgbàdo ọdún náà. Nígbà tí ọyẹ́ ń mú, wọ́n ṣí àká: ìyẹ̀fun àti kòkòrò. Ilé aládùúgbò ni wọ́n ti ń jẹun títí òjò fi dé. Ọmọ náà wá bá mi lábẹ́ igi máńgòrò iléèwé, ó ti rù. Kò fẹ̀sùn kàn mí. Ó kàn béèrè pé, "Màdáámù, ṣé èmi ni mo tún ṣì í kà?" Ẹ̀yin èèyàn, ibi tí mo ti burú jù rèé. Ọ̀rọ̀ kan péré ì bá tú ọmọ yẹn sílẹ̀. Mo wo ilẹ̀, mo ní, "Bóyá o ṣì í kà." Ó ní, "Ẹ má bínú, Màdáámù." Èmi ló ń bẹ̀!

Ó yege nínú ìdánwò CM2 tí a fi ń parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ̀, kò lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, iléèwé girama. Ó ní orí òun ò gba ìṣirò. Màmá Ẹfúnwùmí kú ní ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, kò mọ̀.

Nígbà tí àìsàn yìí dé, mo jẹ́wọ́ fún fádà. Ó ní, "Ọlọ́run ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ò tíì gbọ́." Mo gun sẹ́míjàn, ọ̀kadà akérò, lọ sí Massè. Mo bá Tiwalọpẹ́ níbi tó ti ń yan gàrí, mo jókòó sórí àpótí, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó gbé agbada kúrò lórí iná kó má baà jó. Ó bi mí pé, "Nígbà náà, márùn-ún yẹn, òótọ́ ni?" Mo ní, "Òótọ́ ni." "Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, ihò mélòó lẹ bá?" Mo ní n kò kà á, mo kàn dà á nù ni. Ó mi orí. "Ó yẹ kí ẹ kà á, Màdáámù." Ìgbà yẹn ló wá bo ojú, ó sunkún. Kò sọ pé òun dárí jì mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ dìde, tí apá mi ò gbé mi, ó fi èjìká rẹ̀ gbé mi, ó sì sọ fún ọlọ́kadà pé kó rọra.

Màmá Ẹfúnwùmí, níbi tí ẹ wà, mo kúnlẹ̀ fún yín nínú ọkàn mi. Ọmọ yín kò ṣì yín lọ́nà, èmi ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ olùkọ́ tí ẹ ń bá ọmọ ọlọ́mọ ṣe ìwádìí, bí ọmọ bá mú iye tí kò wù yín wá, ẹ jókòó tì í, kí ẹ jọ tún un kà. Bó bá ṣì jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọkàn ọmọ ra ọlá iléèwé. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run. Tiwalọpẹ́ ní tirẹ̀, ẹ má bá mi bẹ̀ ẹ́. Ìgbà tó bá wù ú ni kó dáhùn.